Ọjọ́ Tí Alhaji Gbàdàmọ́sí Sìnkú Jẹnẹrétọ̀

Nígbà tí Alhaji Gbàdàmọ́sí fẹ́ sìnkú jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Ó ní kí àwọn alábàárù méjì gbẹ́ ihò sẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ tó wà ní Malu Road, ní Apapa, kí ihò náà jìn dé àyà èèyàn. Lẹ́yìn náà ló lọ bá Chukwudi, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ta tápólì, ó ní kó gé èyí tó funfun fún òun.

"Alhaji, funfun máa ń tètè dọ̀tí o," ni Chukwudi wí. "Kí lẹ fẹ́ fi bò?"

"Òkú ni."

Chukwudi ṣí fìlà. "Ah! Na who die?"

"Ẹni tó ti ń yọ mí lẹ́nu láti nǹkan bí ogún ọdún," ni Alhaji dáhùn. Ó ká tápólì rẹ̀ sábẹ́ apá, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó ti tó ogún ọdún tí Chukwudi náà ti dé àdúgbò yẹn. Ó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀ wò ná kí ó tó ti ìsọ̀ pa.

Àfáà tí wọ́n pè kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ò lè dúró níwájú irin kí òun máa ṣe àdúà òkú fún un, pé kí Alhaji bẹ̀rù Ọlọ́run.

"Àfáà, mi ò ní kẹ́ ẹ kírun sí i lára," ni Alhaji wí. "Ẹ ṣáà bá mi bẹ Ọlọ́run kó má jí mọ́."

Àfáà rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ó rántí jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí tirẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ wàásù. Kí àdúà tó bẹ̀rẹ̀ rárá ló ti ṣe àmín.

Ibi tí wàhálà ti wọ̀ ọ́ ni pé Alhaji ti rán awakọ̀ tírélà kan sí Sùnmọ́nù, àbúrò rẹ̀ tó wà ní Ìwó. "Sọ fún un pé kó wá o. Ìsìnkú wà nílé wa lọ́la." Awakọ̀ náà jíṣẹ́ bó ṣe gbà á gẹ́lẹ́. Sùnmọ́nù pe fóònù Alhaji títí, kò lọ, nítorí Alhaji ti pa jẹnẹrétọ̀ kí ó tó ronú kan ohun tí yóò fi gba iná sí fóònù. Ni Sùnmọ́nù bá ra aṣọ funfun, ó háyà bọ́ọ̀sì, ó kó ẹbí sínú rẹ̀, wọ́n sì ń sunkún bọ̀ láti Ìwó títí wọ́n fi dé Apapa. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ rí létí ihò ni òkú fúnra rẹ̀. Ó wọ jalabíà funfun, ó mú ṣọ́bìrì dání, ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Ẹ mà pẹ́ o." Sùnmọ́nù ju aṣọ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ìdí tírélà tó wà ní títì ni wọ́n ti lọ fà á yọ.

Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un tán, ó wo ihò, ó wo irin tí wọ́n fi tápólì dì, ó wá wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú. "Bọ̀dá mi, lọ́jọ́ tí ẹ bá kú lóòótọ́, ẹ má ránṣẹ́ sí mi o. Mi ò ní gbà gbọ́." Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Alhaji náà rín títí ó fi jókòó sórí erùpẹ̀.

Sàlímọ́tù, ọmọ Alhaji, bá wọn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò dénú. Òun ló mọ ohun tí jẹnẹrétọ̀ yẹn ṣe. Ìyá rẹ̀ máa ń tẹ̀lé Alhaji wá sí ilé ìkẹ́rùsí náà, a sì máa sinmi nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin náà ṣubú níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri, ó ń ka ìwé ìròyìn, jẹnẹrétọ̀ sì ń ké. Nígbà tí ó wọlé láti béèrè oúnjẹ, ó bá a nílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó ti kú, bàtà rẹ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàtà náà ló ti ń fi lu ògiri pe ọkọ rẹ̀. Àpá rẹ̀ wà lára ọ̀dà.

Alhaji kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Ohun tó máa ń sọ fún aráyé ni pé ariwo jẹnẹrétọ̀ ti pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń rín sí i. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ á ní wèrè ti fẹ́ kọlu Alhaji.

Ilé ìkẹ́rùsí yìí, bàbá wọn ló fi í sílẹ̀ fún òun àti Sùnmọ́nù. Bàbá náà ṣòwò kòkó àti ẹ̀kùrọ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń fi àpò kó kòkó sínú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí kọ̀ǹténà dé, kò sẹ́ni tó nílò ilé náà mọ́, eku àti ẹyẹlé ló jogún rẹ̀. Àwọn kan wá pé àwọn fẹ́ rà á, kí àwọn wó o palẹ̀, kí tírélà lè máa sùn síbẹ̀. Sùnmọ́nù ní kí wọ́n tà á. Alhaji ní láéláé. Ó ní òun á sọ ọ́ di ọ́fíìsì tí oòrùn á máa fún níná, tí atẹ́gùn á máa fún ní ìtura, tí ẹni tó bá wà níbẹ̀ á lè gbọ́ ohùn ẹnìkejì rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ní Apapa yìí?" ni Sùnmọ́nù béèrè.

"Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù," ni Alhaji dá a lóhùn.

Ejiro ló bá a ya àwòrán ilé náà. Ọmọ Urhobo ni Ejiro, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ó lọ kọ́ iṣẹ́ àwòrán ilé ní yunifásítì, ó sì padà wá sí àdúgbò. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ohun tí wọn kò kọ́ ọ ní yunifásítì ni bí a ṣe ń bá ẹni tó ń ná fèrèsé dúnàá-dúrà.

"Alhaji, ògiri yìí máa gba fèrèsé mẹ́jọ lápá ibí, mẹ́jọ lápá ọ̀hún," ni Ejiro wí. "Breeze go enter here, comot for there."

"Mẹ́jọ ti pọ̀ jù. Gba mẹ́ta."

"Alhaji, fèrèsé kì í ṣe tòmátì o."

"Ó yá, mẹ́rin. Mi ò ní lé e mọ́."

Ejiro kò bá a jiyàn. Ó mú un wọnú ilé náà nígbà tí oòrùn wà lókè, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó tì í lábẹ́ páànù. Kò pẹ́ tí òógùn fi bo Alhaji. "Mẹ́fà," ó ní. Ejiro ń wo páànù. "Méje." Ejiro ń fẹ́ ara rẹ̀ ní ìwé. Níkẹyìn Alhaji ní, "Mẹ́jọ náà ni. Ṣùgbọ́n wàá fi ẹ̀nì sí i." Ejiro rẹ́rìn-ín títí pẹ́ńsù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ya fèrèsé kékeré kan kún un lókè lọ́hùn-ún. Láti ìgbà náà, bí àlejò bá dé, òun ni Alhaji máa ń kọ́kọ́ fi hàn án. "Ẹ ò rí èyí? Mi ò san kọ́bọ̀ lé e."

Ejiro ṣí àárín òrùlé sókè kí ooru lè ráyè jáde. Ó fi páànù tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé dípò àwọn tó ti dípẹtà, ó sì da omi òjò láti orí ilé wọnú táǹkì kí wọ́n lè máa fi fọ ilé ìyàgbẹ́. Pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé lórí ní èbúté ló fi ṣe tábìlì. Ó wá ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun tó lágbára kun òrùlé, kí ooru oòrùn má baà ráyè wọlé. Alhaji gbọ́ iye rẹ̀. Nígbà tí Ejiro kò sí nítòsí, ó ra ọ̀dà olómi tí wọ́n fi ń kun ògiri ilé ìwé, ó sì kùn ún.

Ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀, ajẹ́ńtì kan tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté Tin Can wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wá wo ọ́fíìsì tí yóò yá. Kóòtù dúdú ló wọ̀. Kí wọ́n tó pe ẹnì kan, gbogbo ọ̀dà orí òrùlé ti ṣàn sí i lára, ojú nìkan ló kù tó ń ṣẹ́. Sàlímọ́tù sáré wá aṣọ ìnujú. Alhaji yí ajẹ́ńtì náà po, ó wò ó dáadáa, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá. Oòrùn ò ní rí yín gbé ṣe mọ́."

Ti Patrick ńkọ́, ẹni tó wá ta páńẹ́ẹ̀lì sólà fún un? Alhaji ní òun ò ní ra ohun tí òun ò tíì dán wò. Ó ní kí Patrick gbé ọ̀kan sí àárín ọgbà, kí Patrick fúnra rẹ̀ sì jókòó tì í, kí olè má gbé e, títí di ìrọ̀lẹ́, kí àwọn lè mọ̀ bóyá ó lè fara da oòrùn Apapa. Páńẹ́ẹ̀lì fara dà á. Patrick ni wọ́n gbé wọlé.

Báyìí ni ilé náà ṣe parí. Ó tutù, ó mọ́lẹ̀, ó dákẹ́, ó sì ṣófo. Àwọn èèyàn ò fọkàn tán ọ́fíìsì tí kò ní jẹnẹrétọ̀. Wọ́n á wọlé, wọ́n á yin atẹ́gùn, wọ́n á ní, "Alhaji, a máa padà wá," wọ́n á sì gba ibẹ̀ lọ. Alhaji ń jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀, bí mọ́tò kan bá dín eré kù lójú ọ̀nà, á ti dìde dúró. Nígbà tó yá, ó kó àwọn kóòtù rẹ̀ àtijọ́ wá, ó fi wọ́n kọ́ ẹ̀yìn àwọn àga kí ó lè dà bíi pé òṣìṣẹ́ pọ̀. Bí ẹnì kan bá béèrè wọn, á ní wọ́n lọ jẹun. Ọkùnrin kan tó ní sùúrù jókòó dè wọ́n títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ó ní àwọn òṣìṣẹ́ yìí mà lè jẹun o.

Nígbà tí Sàlímọ́tù bá ń sọ ìtàn kóòtù yìí, àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín. Òun kì í lè sọ ọ́ dé òpin. Ó máa ń rí bàbá rẹ̀ láàárín àwọn àga yẹn, pẹ̀lú kóòtù tí kò sẹ́nì kankan nínú wọn, tó ń wo ojú ọ̀nà.

Àrùn àyà ló pa Alhaji. Ọyẹ́ fa ikọ́, ikọ́ gbé e dé ilé ìwòsàn, ó sì kú síbẹ̀ ní ìdájí. Sàlímọ́tù pe Bàbá Ìwó, bí òun àti gbogbo ọmọ ẹbí ṣe máa ń pe Sùnmọ́nù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, Alhaji ti kú."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbọ́. "Jẹnẹrétọ̀ wo ló tún kú?" ni Bàbá Ìwó wí. "Sọ fún bàbá rẹ pé mo ti gbọ́n."

"Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín..."

"Sàlímọ́tù, ìwọ náà ti ń bá a ṣe é?" Ó pa fóònù. Ó pa á pátápátá.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí káàkiri. Ní Ajégúnlẹ̀, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé fáànù ni àbí fìríìjì. Chukwudi gan-an ti na ọwọ́ sí tápólì funfun, ó ní, "Alhaji don come again!" kí ó tó rí ojú Sàlímọ́tù. Tápólì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mùsùlùmí kì í sì í tọ́jú òkú pamọ́ dìgbà tí gbogbo ayé bá gbà gbọ́. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, kí Àlàásárì tó dé wọ́n ti sin ín. Ọkùnrin tó mọ gbogbo Malu Road, àwọn tó tẹ̀lé òkú rẹ̀ kò kún mọ́ṣáláṣí kékeré. Inú Sàlímọ́tù bàjẹ́ ju bó ṣe lè sọ lọ.

Ọjọ́ kejì ni Bàbá Ìwó dé, lẹ́yìn tí àfáà fúnra rẹ̀ ti pè é. Ó dúró síbi sàréè, kò sunkún. Nígbà tí ó máa sọ̀rọ̀, ìbínú ló bá jáde.

"Ilé yẹn ló pa ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo agbára rẹ̀ ló lò sórí páànù. Màá tà á fún àwọn onítírélà, kí wọ́n wó o, kí ojú mi má rí i mọ́."

Sàlímọ́tù kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má wó o. Ohun tí Alhaji ṣe kẹ́yìn láyé nìyẹn."

"Kí ló wúlò fún? Ta ló wà níbẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ ká ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ níbẹ̀, Bàbá. Ẹ jókòó síbẹ̀ kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i."

Bàbá Ìwó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára bàtà rẹ̀. "Ó dáa. Tí àfáà bá ṣe àdúà tán láìjẹ́ pé ooru lé èèyàn síta, màá gbọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá rí wọn tí wọ́n ń dìde lọ gba atẹ́gùn níta, ọjọ́ náà gan-an ni màá kó kọ́kọ́rọ́ fún àwọn onítírélà."

Sàlímọ́tù gbà, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Nígbà tí ọjọ́ kẹjọ pé, oòrùn ń ta bí ẹni fẹ́ jà, wọ́n sì ti mú iná káàkiri Apapa. Iná oòrùn ló ń yí fáànù ilé Alhaji ní tirẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀ ni èrò. Gbogbo àwọn tó fi ikú Alhaji rẹ́rìn-ín ló wá, ìtìjú ló lé wọn wá. Awakọ̀ wá láti Tin Can, alábàárù wá, ará Ajégúnlẹ̀ wá ní Mùsùlùmí àti Krìstẹ́nì, ajẹ́ńtì tí ọ̀dà ṣàn sí lára náà wá. Wọ́n kún inú ilé, wọ́n jókòó sórí tábìlì, wọ́n dúró ti ògiri.

Ejiro ń sá kiri, ó ń ṣí gbogbo ohun tó ṣeé ṣí lókè. Ó wá sọ sí Sàlímọ́tù létí, "Sister Sali, ilé yìí, àwọn tó ń jókòó ṣiṣẹ́ ni mo ṣe é fún o. This people too plenty. Ooru máa mú wọn."

Ooru sì mú wọn lóòótọ́. Àwọn kan ti ń fi fìlà fẹ́ ara wọn. Sàlímọ́tù ń wo ilẹ̀kùn, ó ń wo Bàbá Ìwó tó jókòó níwájú, tí òun náà ń wo ilẹ̀kùn. Àfáà ní kí àwọn tó bá ní ọ̀rọ̀ nípa olóògbé sọ ọ́ kí òun tó ṣe àdúà ìparí. Èyí kò dùn mọ́ Sàlímọ́tù nínú, nítorí á fi kún bí wọ́n ṣe máa pẹ́ tó.

Chukwudi ló kọ́kọ́ dìde. Ó sọ bí Alhaji ṣe ra tápólì lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi sin jẹnẹrétọ̀, àti bí òun ṣe fọwọ́ kan àyà ara òun wò. Ẹ̀rín sọ. Patrick dìde, ó ní òun ò lè rí páńẹ́ẹ̀lì mọ́ kí orí má fọ́ òun. Ẹni tó dúró de àwọn òṣìṣẹ́ tó lọ jẹun náà dìde, ó ní, "Ṣé wọn ò tíì dé ni?" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú, wọn ò mọ èyí tó jẹ́ òógùn àti èyí tó jẹ́ omijé. Aṣọ lẹ̀ mọ́ wọn lára. Ìtura wà níta, lábẹ́ òjìji tírélà, wọ́n sì mọ̀. Kò sẹ́nì kankan tó dìde lọ síbẹ̀. Wọn ò tẹ̀lé Alhaji dé sàréè, wọn ò ní fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Sàlímọ́tù rí i tí òógùn ń kán ní irùngbọ̀n Bàbá Ìwó. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé àga yín síta díẹ̀."

Bàbá Ìwó bojú wẹ̀yìn bíi pé ẹlòmíràn ló ń bá wí. "Ta ló ní ooru ń mú mi?"

Nígbà tí àdúà parí, tí èrò tú ká, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í ráyè láàárín àwọn tábìlì. Bàbá Ìwó kò dìde. Ó pe àwọn onítírélà lórí fóònù níbi tó jókòó sí, ó ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu mọ́, ilé kì í ṣe títà. Ó fi fóònù sí àpò.

"Sàlímọ́tù, fa àga. Sọ bó ṣe kú fún mi. Mi ò tíì bi ẹnikẹ́ni."

Sàlímọ́tù jókòó. Ó ní Alhaji ò jìyà púpọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní ohun tó ń bí i nínú ni pé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn. Alhaji ní kí nọ́ọ̀sì yí i. Nọ́ọ̀sì ní báyìí ni bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ ṣe máa ń wà. Alhaji ní tí kò bá ṣeé yí tán, kó yí i dé ìdajì. Nọ́ọ̀sì ní kò ṣeé ṣe. Alhaji ní tí ìdajì bá pọ̀ jù, kó yí i dé ibi tí ojú òun á fi lè rí ìta.

"Ó ń ná nọ́ọ̀sì," ni Bàbá Ìwó wí.

"Wọ́n ná an títí, Bàbá. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó yí bẹ́ẹ̀dì. Alhaji wá ní, 'O ṣé, ọmọ mi. Ó dáa báyìí.' Wọ́n sì sùn."

Bàbá Ìwó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rín in débi pé ó di àga mú, ó ń tún un sọ pé, "Ó ná nọ́ọ̀sì! Lórí ikú!" Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà, ó ṣí fìlà, ó fi bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. "Bọ̀dá mi," ó ní. "Háà, Bọ̀dá mi."

Sàlímọ́tù sún àga rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ti ń sunkún láti ọjọ́ pípẹ́, òun nìkan. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn arúgbó náà, wọ́n sì jùmọ̀ sunkún Alhaji.